Lẹ́tà Tí Mo Fi Pa Ìwé Felicia

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi, tí ẹ ń pè mí ní ọkọ rere, tí ẹ ń ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ mi. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àwọn dókítà yóò la àyà mi, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn mi ti le gbagidi, kò ṣí dáadáa mọ́. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe gbogbo èèyàn. N kò fẹ́ kí wọ́n la àyà yìí kí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èmi Mobáyọ̀, tí mo ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Suitland fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìsí ẹni tó rí àléébù kan nídìí iṣẹ́ mi, èmi ni mo pa ìwé tí ìyàwó mi fi ọdún mẹ́rin kọ. Mo ti kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú bébà yìí kí n má baà fo ibi tó bá ń tì mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n máa kà á lọ.

Kí ẹ tó lè mọ bí ó ṣe burú tó, mo ní láti kọ́kọ́ tú irọ́ kan palẹ̀. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi pé bàbá Felicia ní hòtẹ́ẹ̀lì n'Ìbàdàn. Bàbá Felicia kò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kúùkù ni. Kúùkù bàbá mi ni. Adájọ́ ni bàbá mi, ilé wa ní Bódìjà ní yàrá mẹ́sàn-án, ó sì ní ilé kékeré kan lẹ́yìn níbi tí kúùkù, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé. Ọmọ yẹn ni Felicia. Ìyá mi fẹ́ràn àwọn ìwé ìfẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwọn tí ọkùnrin ara èèpo wọn máa ń wọ bàtà tó dé orúnkún, tí obìnrin máa ń wọ aṣọ tó ń gbá ilẹ̀. Dúùkù ló máa ń wà nínú wọn, ìyẹn ọlọ́lá tí ipò rẹ̀ tẹ̀lé ti ọmọ ọba. Dúùkù á rí ọmọ tálákà kan, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, ọ̀rọ̀ á di ariwo, gbogbo ìlú á máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ìyá dúùkù á fárígá, nígbẹ̀yìn wọn á fẹ́ra. Ìyá mi á ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán, á sunkún, á nu ojú, á wá pe ìyá Felicia kó wá kó aṣọ ìdọ̀tí, láìwo ojú rẹ̀. Felicia ló ń nu eruku orí àwọn ìwé náà. Bó ṣe ń nù ún ló ń kà á. Èmi ni mo ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n dípò kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé fún un láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wa ti wá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, òun jẹ́ ogún ọdún. Mo ṣèlérí fún un pé kò sí ẹlòmíràn tí n óò fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá mi pe ìdílé kan wá jẹun, nítorí ó fẹ́ kí n fẹ́ ọmọ wọn. Felicia gbé abọ́ ọbẹ̀ wọlé, ó sì wò mí. Ìwò yẹn pẹ́ díẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin náà rí i, ó bi mí pé, "Mobáyọ̀, ta lọmọ tó ń wò ọ́ báyìí?" Ìyá mi ń retí ohun tí n óò sọ. Mo ní, "Kì í ṣe ẹnì kankan, mà. Ọmọ kúùkù ni." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sì bu ẹran fún mi. Mo rò pé Felicia ti wọ ilé ìdáná lọ kí n tó sọ ọ́. Kò bi mí rí, n kò sọ fún un rí. Mo wá sí Amẹ́ríkà, òun lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo kọ̀wé sí i, tí mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti fẹ́ mi. Ẹ kíyè sí i o: lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Nígbà tó wà láyé, n kò láyà. Ìgbà tí a sì dé ìjọ yìí, tí ẹnì kan nínú yín béèrè irú iṣẹ́ tí àna mi ń ṣe, hòtẹ́ẹ̀lì ló jáde lẹ́nu mi. Nínú mọ́tò lójú ọ̀nà ilé, Felicia ní, "Daddy Tolú, bàbá mi ò ní hòtẹ́ẹ̀lì o." Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó yíjú sí fèrèsé títí a fi dé ilé wa ní Fairwood.

Nígbà tó di pé ọmọ wa Tolúwalọpẹ́ ti kúrò nílé, Felicia padà sídìí àwọn dúùkù rẹ̀. Láìbìrì ló ti ń yá wọn, márùn-ún márùn-ún. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní, "Felicia, àgbàlagbà nọ́ọ̀sì, dúùkù wo ló tún gbé ọ sá lọ lónìí?" Á rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forestville ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán, á lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, á gbé ìwé ìkọ̀wé lé orí sítíàrì, á máa fi bírò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ṣe é, ìwé ìkọ̀wé mọ́kànlá ló sì kún. Tolúwalọpẹ́ ló kọ́kọ́ fún kà. Ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé lọ, òun ló fún ìwé náà ní orúkọ Yorùbá kan, Dúùkù àti Ọmọ Kúùkù. Nígbà tó padà sílé rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ní, "Mommy, ẹ fi ránṣẹ́! Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́!" Ìyá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní New York. Èmi ni mo bá a ṣe ímeèlì tó fi rán an. Èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó ní kí n bá òun tẹ odindi ìwé náà jáde sórí bébà, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró ti ẹ̀rọ náà, mo ń kó bébà bó ṣe ń jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Ìwé yẹn dára. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè gbà pé mo láàánú. Ó dára, ó sì bí mi nínú pé ó dára. Mo mọ ilé náà. Ó pè é ní ààfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi yìnyín bo òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àtẹ̀gùn rẹ̀, mo mọ ìyá dúùkù náà, bó ṣe ń fi ìka kan ṣoṣo ti abọ́ tí kò fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kọkàndínláàádọ́rùn-ún, wọ́n wà nídìí tábìlì oúnjẹ. Àlejò bi dúùkù pé ta lọmọbìnrin tó ń wò ó. Dúùkù dáhùn pé, "Kì í ṣe ẹnì kankan. Ọmọ kúùkù ni."

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Ó gbọ́ mi. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ mi, ó sì gbé e sínú fún ohun tó lé lógójì ọdún. Ó fẹ́ mi pẹ̀lú rẹ̀. Ó bímọ fún mi pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó sì gbọ́. Ó yẹ kí n sunkún lọ́jọ́ náà, kí n dọ̀bálẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Inú ló bí mi. Mo ní, ṣé ohun tó ń bọ̀ wá ṣe fún mi nìyí, kó gbé mi síta fún gbogbo ayé? N kò ka ojú ìwé àádọ́rùn-ún. Mo kó àwọn bébà náà jọ, mo tò wọ́n dáadáa, mo sì gbé wọn sórí tábìlì rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi Ọmọ́kẹ́mi, tó ń gbé nínú ilé bàbá wa ní Bódìjà títí di òní. Mo ka apá ibẹ̀ fún un. Ó pariwo. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa ka màámi bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ni? Màámi ti kú, wọn ò lè gba ara wọn sílẹ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Mo ní, "Bí i kí ni?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà." Lónìí, Ọmọ́kẹ́mi ń ní òun kò ní kí n kọ lẹ́tà kankan. Òótọ́ ló sọ. Kò ní kí n kọ ọ́. Ó kàn fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀nà, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi rìn ín.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Felicia pè mí láti ibi iṣẹ́. Ó ní, "Daddy Tolú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ímeèlì mi, àyà mi ń já." Mo ṣí i. Èsì ti dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Stephanie ló kọ ọ́, òun ló ń yan ìwé tí wọn yóò tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé náà. Wọ́n fẹ́ ìwé náà. Wọ́n fẹ́ kó pè wọ́n. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù pé, "Wọn ò tíì kọ nǹkan kan." Ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun." Mo gbọ́ bó ṣe mí. Mo wá jókòó, mo fi orúkọ rẹ̀ fèsì pé òun ti yí ọkàn òun padà, òun kò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n má kàn sí òun mọ́. Stephanie kọ̀wé padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní ó dun òun, pé tí Felicia bá tún èrò rẹ̀ pa, kó jẹ́ kí òun gbọ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, títí kan èyí tí Felicia fi ìwé náà rán, mo sì dí ọ̀nà mọ́ orúkọ Stephanie kí lẹ́tà rẹ̀ má lè wọlé mọ́ láéláé. Iṣẹ́ tí ìjọba kọ́ mi ni mo fi ṣe é. Mo ṣe é mọ́ tónítóní.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, bóyá ẹ̀bẹ̀ mi ì bá fúyẹ́. N kò dúró síbẹ̀. Felicia kò yé béèrè. Àràárọ̀ ló ń ní kí n bá òun wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrètí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi. Mo mọ̀ pé tí n kò bá pa ìrètí náà, yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn, òmíràn yóò gbà á. Mo bá ṣí ímeèlì tuntun kan ní orúkọ Stephanie, mo sì kọ lẹ́tà sí ìyàwó mi. N kò yára kọ ọ́. Mo wá ibi tí yóò dùn ún jù, mo sì mọ ibẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé: Ìyáàfin, a ti ka ìwé yín, kò ṣe é gbà gbọ́. Ó hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń gbé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti ń wò wọ́n.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Ó kà á sókè fún mi nídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó kà á dé òpin, ó tún padà sí gbólóhùn ìkẹyìn, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá gbójú sókè. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ohùn ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ó ní, "Daddy Tolú, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?" Mo ní, "Mọ kí ni?" Ó ní, "Pé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti ń wò wọ́n. Báwo ni òyìnbó tó wà ní New York ṣe mọ̀?" Àǹfààní tí Ọlọ́run fún mi láti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ó lè jẹ́ pé ó hàn nínú ìwé náà ni." Mo sì dìde, mo gbá a mọ́ra, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń ní kó máa bínú, pé àwọn òyìnbó yẹn ò mọ nǹkan kan. Ó fi orí lé mi léjìká. Mo tù ú nínú, ẹ̀yin ará mi. Mo tù ú nínú dáadáa.

Tolúwalọpẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gbìyànjú níbòmíràn, ó kọ̀. Ó ní òyìnbó náà sọ òótọ́. Ó kó bébà tí mo bá a tẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó fi ẹ̀rọ tó ń gé ìwé gé e wẹ́wẹ́. Ó pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé ìkọ̀wé mọ́kànlá náà ló kó sínú garawa aláwọ̀ búlúù tí ìjọba fún wa fún bébà tí a kò lò mọ́, ó sì bò ó. Èmi ni mo máa ń ti garawa náà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju ti ọ̀sẹ̀ mìíràn lọ. Mo tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì ní òwúrọ̀ náà, mo kí aládùúgbò wa, mo sì dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ ìkólẹ̀ fi wá gbé e. Láti ọjọ́ náà, Felicia kò yá ìwé dúùkù kankan mọ́. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọkàn mi balẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Mo di ẹni tó ń fi dúùkù ṣe yẹ̀yẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Mo lọ sí láìbìrì fúnra mi, mo yá mẹ́ta wá fún un, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ó dá wọn padà ní ọjọ́ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní n óò tún un ṣe. Ẹ wo wàhálà. Mo pe ilé ìtẹ̀wé náà. Ẹ̀rọ ló gbé e, ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, mo tẹ̀ ẹ́, ó dá mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti fóònù. Nígbà tí èèyàn wá dáhùn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jessica ni. Ó ní Stephanie ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, òun ò sì mọ ibi tó lọ. Mo ṣàlàyé ìwé náà fún un. Ó ní àwọn kò fi ìwé náà pamọ́ mọ́, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ló ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí n fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ lákọ̀tun. Odindi wo? Mo tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ palẹ̀. Mo lo gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀ láti gbé ohun tí a ti pa rẹ́ dìde. Kò sí nǹkan kan. Mo bi Tolúwalọpẹ́ bóyá ó ní ẹ̀dà kan. Ó ní lórí kọ̀ǹpútà ìyá òun ni òun ti kà á nígbà ọdún Kérésìmesì. Mo bẹ Felicia kó tún un kọ. Mo ní n óò ra kọ̀ǹpútà tuntun, mo ní n óò máa se oúnjẹ. Ó ní, "Daddy Tolú, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ò rántí ohun tí wọ́n sọ?" Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ fi orí sọ ògiri. Kò sí ilẹ̀kùn tí mo kàn tí kì í ṣe pé èmi ni mo tì í pa látinú.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, a wà ní ilé ìdáná láàárọ̀. Ó ń to oògùn mi sínú àpótí kékeré tó ní orúkọ ọjọ́ lára. Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láì mí. Ó ń to oògùn náà lọ títí ó fi dé ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́?" Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, kò pè mí ní ìwọ rí. Mo ní, "Èmi ni." Mo ń retí kó gbá mi létí, kó jáde. Ohun tó béèrè ni pé, "Ó túmọ̀ sí pé obìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa àga, ó jókòó. "Kí ló sọ? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́." Mo ronú. Mo ní ó sọ pé òun ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, òun sì kọjá ibi tó yẹ kí òun ti sọ̀. Felicia pa ojú dé. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Kí ló tún sọ?" Lẹ́tà náà gùn, ó tó ìpínrọ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ dáadáa ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni mo kà á, tìbínú-tìbínú, mo sì pa á rẹ́. Mo ní, "N kò rántí." Ó lu tábìlì, oògùn fò dànù. "Rántí! Rántí rẹ̀, Mobáyọ̀! Tèmi ni!" Mo wá a nínú orí mi títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Kò sí níbẹ̀. Ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni sọ nípa ìyàwó mi rí, èmi nìkan ló kà á, mo sì ti gbàgbé rẹ̀.

Mo ní, "Felicia, kí ni dúùkù náà wá ṣe nígbẹ̀yìn?" Ó wò mí. "O ò kà á tán?" Mo ní ibi tábìlì oúnjẹ ni mo dúró sí. Ojú tó fi wò mí nígbà náà burú ju ti ìṣáájú lọ. Ó ní, "O pa á, o ò tiẹ̀ kà á tán." Ó dìde, ó gun òkè lọ. Mo pe Tolúwalọpẹ́, mo bi òun náà léèrè. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó ní, "Daddy, dúùkù yẹn ṣe dáadáa jù yín lọ nígbẹ̀yìn," ó sì pa fóònù. Kò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Felicia ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ń fún mi ní oògùn lásìkò. Yàrá Tolúwalọpẹ́ ló ń sùn. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé, ó ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n sì kà á fún àwọn ọkùnrin tí mo parọ́ bàbá òun fún. Mo kọ ọ́, mo gbé e fún un. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan pẹ̀lú bírò. Mo ti kọ ibì kan pé nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá mi ni mo ṣe ṣe é. Ó fa ìlà pa á. Mo ti kọ ojú ìwé méjì nípa bí n kò ṣe rí oorun sùn. Ó yọ méjèèjì. Ó ní, "Sọ ohun tó o ṣe. Má sọ bó ṣe dùn ọ́ tó." Ohun tí mo kà fún yín yìí ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó lẹ́yìn, n kò ní ọgbọ́n púpọ̀ fún yín. Tí aya yín bá gbé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe síwájú yín, tí ẹ bá sì rí ara yín níbẹ̀ tí ẹ burẹ́wà, ẹ má sáré wá ibi tí ẹ óò ti pa á. Ẹ jókòó, kí ẹ sì bi í léèrè. Ó lè jẹ́ pé ó ti dárí jì yín níwájú díẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò ṣe sùúrù dé ibẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ẹ kò jẹ́. Ẹ̀yin àgbà, mo parọ́ fún yín, mo fi bàbá rere kan tó se oúnjẹ fún mi láti kékeré ṣe ohun ìtìjú. Ẹ foríjì mí tí ẹ bá lè ṣe é.

Ní ti Felicia, mo tún bi í láàárọ̀ yìí kí n tó jáde, bóyá ó lè dárí jì mí. Ó ń fọ ife. Ó ní, "Lọ kà á fún wọn ná. Tó o bá dé, mo máa dá ọ lóhùn." Mo ti kà á. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé.